Rárá Tí Mo Dá Dókítà Lóhùn

Dókítà bi mí léèrè pé, "Yàtọ̀ sí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé màmá tún ń lo nǹkan mìíràn, sà?" Mo ní, "Rárá o, kò sí nǹkan mìíràn." Lójú tèmi, magnesium tí wọ́n ń lò dà bíi fítámì, fítámì kì í sì í ṣe òògùn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ń lo magnesium yẹn. Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń sáré láti ilé mi ní Challenge, n'Ìbàdàn, gba Ring Road lọ sí Liberty Stadium. Nígbà tí mo lé ní àádọ́ta ọdún, iṣan ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí lóru, oorun ò sì wá mọ́. Ẹni tí a jọ ń sáré ló júwe rẹ̀ fún mi. Mo rà á, mò ń lo hóró kan lálẹ́, mo sì ń sùn dáadáa.

Ohun tó ṣe mí lóore náà ni mo gbé fún ìyá mi.

Màámi ti kọjá àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wà lára wọn tipẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ti sọ fún wa lọ́sibítù pé kíndìnrín wọn ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Etí mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí màámi ṣe ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láago méjì òru, tí wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà, àánú wọn ṣe mí. Mo ní kí wọ́n máa lo hóró kan. Nígbà tí wọ́n ní oorun ò tíì kún ojú, mo sọ ọ́ di méjì. Hóró kan jẹ́ mílígíráàmù 500. Àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le pàápàá má kọjá 350 lójúmọ́ nínú irú hóró bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín ló ń da èyí tó bá pọ̀ jù sínú ìtọ̀. Ti màámi ò lè dà á tán, ó wá ń gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Wọ́n sùn o. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yọ̀. Wọ́n ń tòògbé nídìí àmàlà, mo ń yọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá ni ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́.

Lọ́sibítù, ẹ̀jẹ̀ wọn tó máa ń ga ti já wálẹ̀ sí 80/50. Dókítà fi òòlù kékeré onírọ́bà kan orúnkún wọn. Ẹsẹ̀ náà kàn rọ̀ jọwọrọ, kò ta. Ó tún kàn án. Àyẹ̀wò kíndìnrín tí wọ́n sábà máa ń ṣe kì í wo magnesium, àfi tí dókítà bá dìídì béèrè fún un. Ta ni yóò béèrè, nígbà tí mo ti ní rárá?

Lọ́jọ́ kejì, ike magnesium náà sọ sí mi lọ́kàn. Mo dákẹ́, torí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti ní kí n má fún màámi ní nǹkan kan láìbéèrè ló dúró tì mí. Ìtìjú ni mo rò.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni mo gbé ike lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní nǹkan yìí náà ni àwọn máa ń gún fún aboyún tí gìrì bá gbé, àti pé kí àwọn tó gún òmíràn, àwọn á kọ́kọ́ kan orúnkún aboyún náà wò. Nílẹ̀ Japan, lọ́dún 2015, ìjọba kìlọ̀ nípa lílo òògùn magnesium fún àwọn arúgbó. Àwọn dókítà fa calcium sí màámi lára, wọ́n sì gbé wọn sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Mo ta mọ́tò mi.

Màámi ti padà sílé. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n máa ń ṣàdúà fún mi, ọmọ tó sùn tì wọ́n lọ́sibítù. Mi ò tíì sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi á ṣe àmín, èmi á wolẹ̀.