Ẹran Ìṣẹ́jú Méjì

Bí àlejò bá dé ilé Yorùbá, tí wọ́n gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún un, tí ó jẹ ẹ́ tán tí ó ní "oúnjẹ Áfíríkà" yìí dùn, ẹni tí ó sè é yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò ní dùn tán. Áfíríkà wo? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ṣe máa ń rí lára ará Guangzhou tí ó bá gbọ́ tí ọmọ Yorùbá ń sọ pé òun se "núdù àwọn ará Éṣíà" lálẹ́ àná. Éṣíà tóbi ju Áfíríkà lọ. Oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi orúkọ àpapọ̀ yẹn pè, èyí tí wọ́n ń fi ẹran màlúù pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ àti núdù ìrẹsì fífẹ̀ ṣe lórí iná ńlá, ní ìlú tirẹ̀, ó sì ní orúkọ.

Ní èdè Cantonese, ìyẹn èdè àwọn ará Guangdong ní gúúsù Ṣáínà àti ti Hong Kong, gon chow ngau ho ni wọ́n ń pè é. Gon ni gbígbẹ. Ngau ni màlúù. Chow ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí iná, ọ̀rọ̀ yóò sì tún padà dé orí ìyẹn. Ho ni ó dùn jù láti tú: odò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìgékúrú Sa Ho ni, "Odò Oníyanrìn", àdúgbò kan ní Guangzhou tí núdù náà ti gba orúkọ, gẹ́gẹ́ bí gàrí kan ṣe ń jẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú. Wọ́n a rẹ ìrẹsì sínú omi, wọ́n a lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹni ń lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, wọ́n a dà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, wọ́n a sì fi ooru omi gbígbóná sè é títí yóò fi dì. Nígbà náà ni wọ́n a gé e ní ìlà fífẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é gan-an ni ó dára jù. Bí ó bá sùn nínú fíríìjì, yóò le, yóò sì máa kán, bí ẹ̀bà àná ṣe ń le mọ́ni lọ́wọ́.

Ìyá kan, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2018 láti tọ́jú ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Peckham ni ọmọ náà ń gbé, nítòsí Rye Lane, níbi tí iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti ata rodo kò ti wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó wá láti Hong Kong, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni ó kọ́ ọ ní ngau ho. Nígbà tí ìyá ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko wẹ ìkókó, tí ó ń ro àmàlà, tí ó ń se ẹ̀fọ́ láàárọ̀ lálẹ́, ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó, òun ni yóò dáná lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá jókòó ní yàrá, ó gbọ́ tí epo dún ṣàà. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwo oúnjẹ ti dé iwájú rẹ̀. Ó wo àwo, ó wo ọmọ.

"Ìyá Ìkókó, ìgbà wo lo bọ ẹran yìí?"

"Mi ò bọ̀ ọ́, Màámi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ti jinná."

"Ẹran tí kò kan omi rárá? Ìṣẹ́jú mélòó ló lò lórí iná?"

"Bí ìṣẹ́jú méjì, Màámi."

"Ìwọ tí ò ń fún ọmọ lọ́yàn!"

Ìyá jẹ núdù náà, ó sì ṣa ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ gbé àwo, ó fọ̀ ọ́, kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí kò tíì rí ibi tí ìyá àti ọmọ ti ń fi abọ́ oúnjẹ bára wọn wíjọ́. Lójú ọmọ, ọwọ́ òun ni ìyá òun kọ̀, lẹ́yìn tí òun ti fi ìrora ìbímọ dúró nídìí iná. Lójú ìyá, ìlú Ọba ti gba ohun tí òun kọ́ ọmọ òun lọ́wọ́ rẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń kí ara wọn bí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Ìyá kò ṣàdédé bẹ̀rù ṣá. Ẹran tí ó mọ̀ láti kékeré, ẹran màlúù tí ó ti fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ alápatà ni. Ẹsẹ̀, ọrùn àti èjìká irú ẹran bẹ́ẹ̀ kún fún kólájẹ́ẹ̀nì, ìyẹn okùn funfun líle tí ó so ẹran mọ́ra, kò sì sí ohun tí í rọ̀ ọ́ bí kò ṣe omi gbígbóná àti wákàtí púpọ̀. Ìgbà tí ó bá rọ̀ tán ni omi ẹran ń ki, tí ètè ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tí ó bá gbé irú ẹran yẹn sórí iná fún ìṣẹ́jú méjì yóò fi eyín jìyà. Ẹran mìíràn sì wà lára màlúù kan náà tí kólájẹ́ẹ̀nì kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ọbẹ ni ó ń rọ irú ìyẹn, kì í ṣe omi. Ní ti ìbẹ̀rù àìsàn, ara òde ẹran tí kò ní ọgbẹ́ ni kòkòrò àìfojúrí sábà máa ń wà. Bí wọ́n bá gé e pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ, ooru agbada yóò dé àárín rẹ̀ kí ènìyàn tó ka ọgọ́rùn-ún.

Ìyá kò gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ojú ni ó fi rí i ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ó jókòó sí ilé ìdáná nítorí pé yàrá tutù. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé oúnjẹ ìṣẹ́jú méjì yìí ti gba ọmọ òun ní wákàtí kan kí ó tó tan iná. Ọmọ ti fi ẹran gíráàmù 250 sínú yìnyín fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó lè le díẹ̀ fún ọbẹ. Ó wo ibi tí okùn inú ẹran náà dorí kọ, ó sì gé e dábùú. Okùn gígùn ni í há mọ́ni léyín. Bí ọbẹ bá ti gé e kúrú, iṣẹ́ eyín ti parí. Ó wọ́n omi sóyà sí i, ìyẹn omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti mú kan ṣe (ẹni tí ó bá mọ bí irú ṣe ń di irú kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè bí ó ṣe rí), ó fi sítáàṣì àgbàdo díẹ̀ àti epo díẹ̀ pò ó. Lẹ́yìn náà ni ó bu ìyẹ̀fun funfun kan, ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì kan.

"Kí nìyẹn?"

"Sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ni, Màámi. Ó ń jẹ́ kí ẹran rọ̀."

Ìyá tẹ ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n. "Àbúrò káún ni."

Òótọ́ ni ó sọ. Káún tí wọ́n ń fi sí ẹ̀wà kí ó tètè rọ̀, tí wọ́n ń fi sí ewédú kí ó fà, àti sódà yìí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, nítorí pé òdì-kejì ìkan ni àwọn méjèèjì. Bí sódà bá kan ara ẹran, purotéènì ibẹ̀ kò ní lè sún kì mọ́ra nígbà tí iná bá dé, omi ẹran yóò sì dúró sínú ẹran. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹran yóò máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu. Ta ni yóò kọ́ obìnrin tí ó ti ń se ewédú fún ogójì ọdún pé káún kì í pọ̀?

Ọmọ wá gbé agbada irin jáde. Agbada ni, kò ní orúkọ mìíràn: ikùn rẹ̀ jìn, ẹnu rẹ̀ là, bíi ti alákàrà. Ó gbé e ka iná títí tí èéfín fi ń yọ lára rẹ̀, ó da epo sí i, ó sì da gbogbo ẹran náà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Sítóòfù ilé lásán ni, agbára rẹ̀ kò tó ti ilé oúnjẹ. Kíá ni ariwo epo ti rọ̀, tí omi ń sun jáde lábẹ́ ẹran.

"Ta ní kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?" Ìyá ti dìde. Ìyá tirẹ̀ ni ó ń yan gàrí tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun náà sì ti dúró nídìí agbada kí ọwọ́ rẹ̀ tó ka etí rẹ̀ dáadáa. "Gàrí tó bá pọ̀ jù lórí agbada kì í gbẹ. Ṣe ló máa di kókó. Kó o kúrò! Kó ìdajì kúrò!"

Àlàyé rẹ̀ kò le. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà lára ẹran, ibi tí ẹran wà kò lè gbóná ju ìwọ̀n Celsius 100 lọ, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń hó. Pípọ́n tí ń mú òórùn dídùn wá kì í sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá títí ooru yóò fi tó nǹkan bíi 140. Ẹran tí ó kún agbada ń bọ ara rẹ̀ ni. Ohun tí ìyá bèèrè fún lọ́jọ́ kìíní ni agbada náà fẹ́ ṣe yìí, òun náà ni ó sì ní kí ó má ṣe é! Wọ́n pín ẹran sí méjì. Ìdajì kan pọ́n, wọ́n kó o sílẹ̀, ìdajì kejì náà pọ́n. Àlùbọ́sà eléwé àti ẹ̀wà tí ó ti hù wọ agbada, kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Núdù tẹ̀ lé e, tí ọmọ ti fi ọwọ́ tú u lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú omi sóyà fún iyọ̀ àti èyí tí ó dúdú jù fún àwọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹran padà wọlé. Ìyá ni ó di ṣíbí mú. Kò fi gún núdù. Abẹ́ ni ó ti ń gbé e, tí ó ń yí i, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè àjà, ìkókó náà jí, ó gbè é.

Òórùn àti adùn èéfín yẹn lára oúnjẹ ni àwọn ará Guangdong ń pè ní wok hei, èémí agbada. Oúnjẹ tí kò bá ní in, lójú tiwọn, kò tíì di ngau ho.

"Ṣé o rí i pé o ń yan án ni," ni ìyá wí. Gbólóhùn yìí yẹ kí ó mú inú ẹni tí ó fẹ́ràn èdè dùn. Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò ní ọ̀rọ̀ fún chow títí di ọdún 1945, nígbà tí Buwei Yang Chao, dókítà obìnrin ará Ṣáínà tí ó ń gbé Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ìdáná rẹ̀ jáde, tí "stir-fry" fi ti ibẹ̀ wọ èdè náà. Ọkọ rẹ̀, Yuen Ren Chao, gbajúmọ̀ onímọ̀ èdè ni. Ní Yorùbá, dín kò tó, nítorí dòdò lè sùn nínú epo láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Rò kò tó, nítorí ọ̀rinrin ni àmàlà. Òótọ́ ni pé ẹran yíyan ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lórí ẹyín iná, ṣùgbọ́n yan ti gàrí àti ti ẹ̀pà ni ó ní agbada, ooru, ọwọ́ tí kì í dúró, àti gbígbẹ tí gon ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí sàn ju èyí tí ìgbìmọ̀ yóò hun lọ.

Ìyá jẹ ẹran rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kò ta, ó sì lọ bu ata gígún sí i, èyí tí ará Guangzhou kò ní fara mọ́.

Nígbà tí ó padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé òun ti yan ẹran òyìnbó yẹn. Kò rí núdù ìrẹsì, Indomie ni ó lò. Ọmọ bèèrè irú ẹran tí ó rà. Ó ní èyí tí alápatà gé fún òun ni, ó ní okùn díẹ̀, nítorí náà òun kọ́kọ́ bọ̀ ọ́.

"Ẹ bọ̀ ọ́, Màámi?"

"Díẹ̀ ni. Wákàtí kan péré."

"Ẹ kú iṣẹ́, Màámi. Ṣé ẹ pín in sí méjì?"

"Mẹ́ta."