Kòńgẹ́ Létí Odò Patuxent

Kùrukùru ni mo ń wá lọ. Ọ̀pọ̀ wa tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ní Prince George's County, ní Maryland, kì í fẹ́ rí i sójú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya fọ́tò ẹyẹ lórí omi máa ń gbàdúrà kó wá. Mo mọ ohun tó ń bí i: òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ilẹ̀ tó tutù, ọ̀rinrin tó pọ̀ lórí àbàtà, àti afẹ́fẹ́ tí kò mira. Mo wo bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, mo wo àkókò tí omi yóò kún, mo wo ìhà tí oòrùn yóò ti yọ. Gbogbo rẹ̀ pàdé lórí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin. Ní Jug Bay, àṣá apẹja kan, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní osprey, tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sórí òpó láàárín odò. Ohun tí mo fẹ́ ni kí kùrukùru bo òpó náà mọ́lẹ̀, kó ku ìtẹ́ àti ẹyẹ nìkan.

Àǹtí kan tí a jọ ń gbé ní Bowie ló bá mi lọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ojú wọn sì mú ju tèmi lọ. A gba ọ̀nà 301 lọ sí gúúsù, a kọjá Upper Marlboro, a yà sí Croom Road. Ibẹ̀ ni county wa ti máa ń ya àlejò lẹ́nu: ilé ìtajà àti iná ojú pópó tán, ó di igbó, oko àti ọ̀nà tóóró. Croom Airport Road ni ọ̀nà tó wọ Patuxent River Park ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ bàlúù kankan kò balẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1941, àwọn awakọ̀ òfuurufú aláwọ̀ dúdú tí wọ́n lé kúrò ní pápá kan ní Virginia wá la pápá tiwọn síhìn-ín, John Greene sì ṣe olórí wọn. Columbia Air Center la wá mọ ibẹ̀ sí. Ó ti di ara ilẹ̀ ọgbà báyìí. N kì í gba ibẹ̀ kọjá láìdárúkọ wọn.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní Jackson's Landing ni atẹ́gùn gbá mi lójú. Láti ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́, ó sì dájú pé òru ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí kùrukùru. Omi pàápàá kò sí níbi tó yẹ kó wà. Jug Bay jìnnà sí òkun, omi ibẹ̀ kò níyọ̀, síbẹ̀ omi ọ̀sà ńlá Chesapeake ń tì í sókè, ó sì ń fà á padà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Òṣùpá àti oòrùn ni ìwé àkókò omi ń bá ṣírò; kò ka atẹ́gùn mọ́ ọn. Bí atẹ́gùn àríwá bá sì ti fẹ́ pẹ́, á máa ti omi Chesapeake síta sí ọ̀nà òkun, àwọn odò tó ń wọnú rẹ̀ á sì fà. Ní wákàtí tí ìwé ní omi yóò kún, ẹrẹ̀ ló tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wa.

“Àbúrò, ṣé omi tó o ní ká wá wò rèé?”

“Òun náà ni, mà. Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù díẹ̀.”

Ẹrẹ̀ yẹn fi ohun tí omi ì bá bò hàn wá: wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà yí àbàtà ká, àti nínú ọgbà náà, èéhù ìrẹsì odò tí kò tíì ga ju ìka lọ. Fúnra rẹ̀ ni ìrẹsì yìí ń hù nínú àbàtà. Ọdọọdún ló ń kú, tí èso rẹ̀ tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ sì ń hù padà. Ní àwọn ọdún 1990, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Jug Bay. Pẹ́pẹ́yẹ Kánádà ló ń jẹ ẹ́ run. Kì í ṣe àwọn tó máa ń wá lo ìgbà òtútù ní ibi ààbò ẹranko ìgbẹ́ Merkle nítòsí, tí wọ́n ń padà sí àríwá, bí kò ṣe àwọn tó ti sọ Maryland di ilé, tí wọ́n wà nílẹ̀ nígbà tí èéhù ń yọrí. Greg Kearns, onímọ̀ ohun àdáyébá ní Patuxent River Park, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló fi wáyà dáàbò bò ó, tí wọ́n tún èso gbìn, títí ìrẹsì fi padà. Òun náà ló ri òpó mọ́lẹ̀ fún àwọn àṣá apẹja, tó sì fi òrùka sẹ́sẹ̀ ọmọ wọn.

Mo yọ kámẹ́rà kúrò lórí ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya èéhù. Àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn aláwọ̀ eérú ti ṣáájú wa mọ̀ pé omi fà. Wọ́n ń rìn lórí ẹrẹ̀, wọ́n ń ṣa ohun jíjẹ. Ẹja ti há sínú ọ̀nà omi tóóró kan. Àṣá apẹja já síbẹ̀ látòkè, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé ọ̀kan.

“Wòkè! Wòkè!”

Idì ni, orí funfun báláú, ó ń bọ̀ láti orí igi lódìkejì. Idì ibí mọ ẹja pa, ṣùgbọ́n kì í kọ̀ láti gba ti ẹlòmíràn. Ó lé àṣá náà, wọ́n yí po lójú ọ̀run, àṣá rí i pé kò sọ́nà, ó ju ẹja sílẹ̀. Idì pa ìyẹ́ dé, ó já tẹ̀lé ẹja náà, ó sì gbá a mú kó tó kan ilẹ̀. Ọ̀kan nínú ìdá 2,000 ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo fi ṣí ojú kámẹ́rà, ìyẹ́ idì sì hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú kùrukùru tí mo wá wá, ìmọ́lẹ̀ kì bá tó fún irú ìyára bẹ́ẹ̀.

Àǹtí ní oríire ni, a ṣe kòńgẹ́. N ò jiyàn, ṣùgbọ́n oríire yẹn ní àwọn tó pilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fọ́n oògùn apakòkòrò DDT káàkiri Amẹ́ríkà, èèpo ẹyin idì àti ti àṣá apẹja fẹ́lẹ́ débi pé abiyamọ tó ń sàba ń fọ́ ọ. Patuxent Research Refuge ní Laurel, ibùdó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1936 láti máa ṣèwádìí ẹranko ìgbẹ́, wà lára ibi tí wọ́n ti tú àṣírí májèlé náà. Òǹkọ̀wé Rachel Carson lo iṣẹ́ wọn nínú ìwé rẹ̀, Silent Spring, tó jáde ní 1962. Wọ́n fòfin de DDT ní 1972. Ní 2007 ni wọ́n yọ idì kúrò nínú àkójọ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu. Ẹni tó dúró síbi tí mo dúró ní 1970, bó ti wù kí ètò rẹ̀ péye tó, ó lè dúró di alẹ́ kó má rí idì kankan.

Oríire mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò pilẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, akọ ẹyẹ painted bunting kan, aláwọ̀ búlúù, pupa àti ewé, ṣìnà láti gúúsù wá sí Great Falls, ní county tó múlé gbè wá. Àwọn ayafọ́tò wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Fọ́tò wọn rẹwà, mi ò sẹ́ ẹ, àmọ́ ti Jug Bay wù mí jù, torí ẹyẹ yẹn kò bá ibi tó bà lé tan.

Nínú oṣù kẹsàn-án, ìrẹsì yóò ti ga ju ènìyàn lọ. Sora, ẹyẹ kékeré tó ń sá pamọ́ sínú àbàtà, yóò dúró jẹ èso rẹ̀ kó tó kọrí sí gúúsù. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló lè gbé wa dé àárín rẹ̀, nígbà tí omi bá kún dáadáa. Mo ti fi àmì sí ọjọ́ kan lórí kàlẹ́ńdà, mo sì ti sọ fún Àǹtí pé bí atẹ́gùn àríwá bá gbéra, ẹrẹ̀ náà la ó bá. Wọ́n ní bàtà òjò àwọn wà nílẹ̀.