Ta Ni Yóò Máa Wa Ọkọ̀ Náà?

Ìyá kan ń ta àǹkárá ní ọjà Makola. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí i sí. Ó ra ọkọ̀ àlòkù kan láti máa fi kó ẹrù, ó sì wá adójútòfò lọ. Láti ọdún 1958 ni òfin Ghana ti fi dandan lé e pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn lójú títì láìní in, ó kéré tán èyí tí yóò san gbà-má-bínú fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe.

Aṣojú iléeṣẹ́ náà bi í pé, “Màmá, ta ni yóò máa wà á?”

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, akẹ́kọ̀ọ́ ní Legon, ni yóò máa wà á ní Sátidé. Ọmọ ogún ọdún ni, kò sì tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó gba láísẹ́ǹsì. Owó irú wọn máa ń ga. Ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan. (Ìmọ̀ràn báyìí kì í wọ́n lọ́jà.)

Ìyá wo ìta. Àwọn ọmọdé tó ru omi tútù ń sá gba àárín trotro kọjá.

Ó ní, “Kọ orúkọ ọmọ náà sí i.”

Owó náà gun òkè lóòótọ́. Nígbà tí ìwé jáde, ó tẹ *920*57# lórí fóònù, bí gbogbo ènìyàn ti lè ṣe láti 2020, ó sì rí i pé ojúlówó ni.

Ọmọ ní, “Màámi, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́.”

Ó ní kó kọ́kọ́ gbé òun dé Kaneshie ná.