Ilé-Ogbó àti Ìwó: Àgbàrá Ò Mọ Ààlà Kánsù

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìwó Olódò Ọbà, tó ní Ilé-Ogbó lòun ń lọ, kò ní í rí oorun sùn kó tó débẹ̀. Ìlú méjèèjì súnmọ́ra bí imú àti ẹnu. Wọ́n ń ná ọjà ara wọn, wọ́n sì ń fọ́mọ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n kánsù wọn ò papọ̀. Ìwó ní tirẹ̀. Kánsù Ayédire, tó fi Ilé-Ogbó ṣe olú-ìlú, ló sì ń ṣe àkóso Ilé-Ogbó, Kúta àti Olúpọ̀nnà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ gọ́tà ti ń di wàhálà. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé gọ́tà ṣíṣe lé kánsù lọ́wọ́, kánsù kọ̀ọ̀kan sì láṣẹ láti ṣòfin tirẹ̀. Ohun tí wolé-wolé ìhín fi ń múni lè máà jẹ́ nǹkan kan lójú wolé-wolé ọ̀hún.

Títì ńkọ́? Ti ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti kánsù náà wà. Ẹni tó ni títì ló ni gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ká ní katakata ìpínlẹ̀ wá tẹ́ títì, tó wọ́ erùpẹ̀ dí ojú gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá onígààrí. Bí ìyá bá sáré lọ sí kánsù, wọ́n á ní kì í ṣe àwọn. Kó tó mẹni tí yóò rò ó fún, òjò ti dé, gààrí ti di ẹ̀bà!

Ilẹ̀ náà ní tirẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní ilẹ̀ tí gómìnà bá kéde pé ó jẹ́ ti ìgboro, abẹ́ gómìnà ló wà. Ìyókù wà lábẹ́ kánsù. Ẹni tó bá fẹ́ ra pulọ́ọ̀tì, kó kọ́kọ́ béèrè èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Àwọn bàbá wa ò ní kánsù, wọ́n sì mọ̀ pé a kì í kọ́lé sójú àgbàrá. Ilé amọ̀ ni wọ́n ń gbé. Bí omi bá dúró nídìí ògiri, ilé á wó. Lónìí, a fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, ọkàn wa balẹ̀. Ẹnì kan á rọ́ erùpẹ̀ gbé iwájú ilé tirẹ̀ sókè, kò ní í rántí pé ilé aládùúgbò lòun ń darí omi sí.

Ẹ rántí Ìbàdàn. Ní August 31, 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé èèyàn, ó gbé ilé. Ní August 26, 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ níbẹ̀. Ilé tí a kọ́ sójú omi àti ìdọ̀tí tí a dà sódò wà lára ohun tó fà á.

Àgbàrá Ìwó àti ti Ilé-Ogbó, ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣun ni gbogbo wọn ń lọ. Ó yẹ kí kánsù méjèèjì jọ jókòó sọ̀rọ̀ kí katakata tó jáde. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ béèrè ẹni tó ni títì iwájú yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má dúró dìgbà òjò. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un.