Àga Onítáyà Màámi àti Ọgbọ́n Tó Wà Nínú Tìmùtìmù

Ọ̀kan lára àwọn ìkíni tí Yorùbá fi ń bu ọlá fún ara wọn ni “ẹ kú ìjókòó”. Bí a ti ń kí òṣìṣẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́, tí a sì ń kí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé pé ẹ kú ìrìn, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń kí ẹni tó jókòó sójú kan. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìjókòó pàápàá ń gba agbára lára ènìyàn. Láàárín àwọn Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ di orúkọ iṣẹ́. Àwọn oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń tajà láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé ìjọba amúnisìn ni a mọ̀ sí Òṣómàáló, nítorí pé bí wọ́n bá dé ilé ajigbèsè, wọn a ní orí ìlóṣòó ni àwọn yóò wà títí owó àwọn yóò fi pé. Ẹni tó bá ti lóṣòó fún wákàtí kan rí yóò gbà pé wọ́n ṣiṣẹ́ fún owó náà.

Ìjókòó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kò mú owó wọlé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi nílé wa ní Iléṣà. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú ojú pátákó. Àìsàn yìí mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì wọn, ó sì sọ wọ́n di ẹni tó ń jókòó láti ìgbà tí wọ́n bá mu ẹ̀kọ òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kọ̀ láti máa dùbúlẹ̀ sí yàrá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí ọ̀nà, kí àwọn sì máa dáhùn bí ènìyàn bá kí àwọn. A ra àga onítáyà fún wọn. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n nà sáàárín irin méjì ni ibi ìjókòó rẹ̀, kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

Òṣogbo ni èmi ń gbé, bíi 30 kìlómítà sí ilé. Ní oṣù kẹta, àbúrò mi obìnrin tó ń tọ́jú wọn pè mí lórí fóònù pé òun rí ojú ibì kan ní ìdí màámi lápá ọ̀tún tó dúdú ju ara tó kù lọ, ó sì gbóná bí òun bá fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀sì tó wá wò wọ́n kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ní egbò ìjókòó ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yẹn, àti pé bí awọ bá fi lè ṣí, ó lè jẹ wọ inú títí dé eegun, ó sì lè gba ẹ̀mí ẹni.

Ó ṣàlàyé fún wa pé eegun méjì kan wà nísàlẹ̀ ìdí tí gbogbo ìwúwo òkè ara máa ń sọ̀kalẹ̀ lé lórí bí a bá jókòó. Ẹran tó wà láàárín eegun yìí àti àga a wá di fífún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá a máa yí ìdí padà láìmọ̀, nítorí ìrora ń kìlọ̀ fún un. Ẹni tí àìsàn ti gba ìmọ̀lára rẹ̀, tàbí tí kò lágbára láti sún, kò ní ìkìlọ̀ yìí. Ó tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé fi sọ́kàn: àwọn ìwé ìṣègùn òyìnbó máa ń sọ pé kí a máa wo ibi tó bá pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá. Ẹ fi ọwọ́ wò ó. Bí ibì kan bá gbóná, tí ó le, tí ó rọ̀ jù, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú ju ti àyíká rẹ̀ lọ, tí kò sì padà sípò lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí tí ìwúwo ti kúrò lórí rẹ̀, ẹ tètè wá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Aládùúgbò wa kan ní kí a wá túùbù táyà mọ́tò, kí a fẹ́ ẹ, kí màámi máa jókòó lé e. Nọ́ọ̀sì ní rárá. Ohun tó bá rí róbótó tó sì ní ihò láàárín a máa fún ẹran ara pọ̀ yípo, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dé àárín mọ́. Ó ní tìmùtìmù gidi ni kí a wá. Iṣẹ́ yẹn ló kàn mí, nítorí Òṣogbo ni àwọn tó ń ta fóòmù pọ̀ sí.

Àwọn òbí wa àgbà kò mọ fóòmù. Òwú àràbà àti koríko gbígbẹ ni wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí àti bẹ́ẹ̀dì. Ní 1937 ni Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leverkusen, nílẹ̀ Jámánì, ṣàwárí èròjà tí a ń pè ní polyurethane. Ní àwọn ọdún 1950 ni fóòmù rírọ̀ tí wọ́n ń fi èròjà yìí ṣe wá di ọjà káàkiri ayé, nígbà tó sì di 1962, a ti dá ilé iṣẹ́ Vitafoam sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Lónìí, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí, ọkọ̀ akérò tàbí pálọ̀ tí fóòmù kò sí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ bí a ṣe ń rà á. A ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bó bá le, a ó ní ó dára.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ wọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà gbé èyí tí wọ́n ń pè ní orthopaedic lé mi lọ́wọ́. Mo bi í léèrè bí ó ṣe wúwo tó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a kì í wọn fóòmù bí ìrẹsì.” Bẹ́ẹ̀, wíwọ̀n gan-an ni ọ̀nà tó dára jù lọ láti mọ ojúlówó. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni líle fóòmù àti ìwúwo rẹ̀. Líle ni agbára tí yóò gbà kí a tó lè tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ní ilé iṣẹ́, irin róbótó pẹrẹsẹ kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dín ní ìdá mẹ́rin sísanra rẹ̀, wọn a sì ka agbára tí ó gbà. Ìwúwo ní tirẹ̀ ni iye èròjà tó wà nínú fóòmù náà, òun ló sì ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó kó tó tẹ́. Fóòmù lè le lónìí kí ó má sì wúwo. Irú wọn kì í pẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ ẹni tó ń jókòó lójoojúmọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí a bá gé fóòmù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, tó fẹ̀ ní 40, tó sì nípọn ní 10, èyí tó jẹ́ kìlógíráàmù 16 fún mítà kan níbùú lóròó yóò wọn bíi gíráàmù 288. Èyí tó jẹ́ kìlógíráàmù 30 yóò wọn gíráàmù 540. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń wọn ìyẹ̀fun yóò fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Fún ìjókòó ojoojúmọ́, èmi kò lè gba ohun tó bá kéré sí 30.

Mo gbé èyí tí mo rà lọ bá àgbà oníṣẹ́ àga kan ní Òṣogbo, ẹni tó ti ń rán ìjókòó mọ́tò láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí mo ti ń ròyìn ara màámi fún un ni ó ń mi orí. Ó ní, “Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyá yín kò nílò ohun líle, wọn kò sì nílò ohun tó máa gbé wọn mì. Méjèèjì ni kí a pa pọ̀.” Ó fi fóòmù tí wọ́n fi ẹ̀rún fóòmù lẹ̀ pọ̀, tó le dáadáa, ṣe ìpìlẹ̀. Lápá ẹ̀yìn ìpìlẹ̀ yìí, níbi tí eegun ìdí méjèèjì yóò balẹ̀ sí, ó gbẹ́ kòtò tí kò jìn, kí itan lè bá ìdí gbé nínú ẹrù náà. Lẹ́yìn náà ló wá fi èyí tó rọ̀ díẹ̀ tẹ́ orí rẹ̀. Etí nìkan ni ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, nítorí gọ́ọ̀mù tó bá gbẹ láàárín a máa le bíi páálí. Ó gé etí iwájú rẹ̀ kí ó rọra tẹ̀ sísàlẹ̀, kí ó má baà máa há ẹ̀yìn orúnkún mọ́.

Mo rò pé a ti parí, mo sì fẹ́ kí ó fi aṣọ àdìrẹ rán ìbòrí rẹ̀, nítorí Òṣogbo ìlú aró ni ìlú wa. Ó ní àdìrẹ kì í nà. Aṣọ tí kò bá nà, tí a wá fà le lórí fóòmù, yóò gbé ènìyàn dúró bí ìgbà tí a so aṣọ kọ́ sáàárín igi méjì, gbogbo kòtò tí òun gbẹ́ yóò sì di asán. Aṣọ tó ń nà bíi ti agbábọ́ọ̀lù ni ó lò, kò fà á le, ó sì fi sípù sí i kí a lè máa fọ̀ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó dẹ̀ sí nítorí omi.

Nígbà tí mo gbé e dé Iléṣà, nọ́ọ̀sì náà fi bí a ṣe ń dán an wò hàn wá. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ tìmùtìmù náà, ní tààrà ìsàlẹ̀ eegun ìdí, láti mọ̀ bóyá fóòmù tó tó íǹṣì kan ṣì kù láàárín eegun àti àga. Bí kò bá sí, tìmùtìmù ti tẹ́ nìyẹn. Ó tún sọ ibi tí màámi ń gbé ẹsẹ̀ lé kalẹ̀, nítorí tìmùtìmù ti gbé wọn ga sókè. Ó wá kìlọ̀ pé tìmùtìmù nìkan kò tó: ní gbogbo ìdajì wákàtí, kí wọ́n máa tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn wákàtí tí màámi fi ń jókòó dín kù, títí ojú ibi dúdú náà fi rọ̀ tó sì ṣá. Awọ kò ṣí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo àwọn àwòrán tí a máa ń rí nínú ìròyìn, níbi tí àwọn olóṣèlú àti ẹgbẹ́ aláàánú ti ń pín àga onítáyà. Mo ti kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Àga ògún tàbí ọgbọ̀n yóò tò lọ bẹẹrẹ, awọ wọn yóò máa dán nínú oòrùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní tìmùtìmù kankan. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008 lórí irú àga yìí ka tìmùtìmù mọ́ ara àga, pàápàá fún ẹni tí egbò lè dá sí lára. Nàìjíríà náà ti ní òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara láti oṣù kìíní ọdún 2019. Fóòmù ń bẹ lọ́jà, àwọn tó lè gé e ń bẹ ní Òṣogbo, wọ́n ń bẹ ní Iléṣà. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú ra àga mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú tìmùtìmù sàn ju kí ó pín ogún tí yóò dá egbò sí ènìyàn lára lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà tó ń jókòó pẹ́ nílé, ẹ lọ ki ọwọ́ sábẹ́ ohun tí wọ́n jókòó lé lónìí. Ẹ má ṣe sá fóòmù sí oòrùn, nítorí a máa pọ́n, a sì máa rún. Ẹ má gbé e sún mọ́ sítóòfù, nítorí kíá ni iná ń ràn án, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé. Bí ó bá ti tẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwa ti pààrọ̀ ti màámi lẹ́ẹ̀kan, òṣùwọ̀n oníbúrẹ́dì ni mo sì tún gbé dání lọ sí ọjà.