Igbó Tí A Ń Ṣírò, Ẹran Tí A Kò Kà

Ìṣirò owó ni mo kọ́ nílẹ̀ àjèjì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Nítorí náà, bí mo bá wọ inú igbó, ohun tí í máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé: kí ló wọlé, kí ló jáde, kí ló ṣẹ́kù?

Igbó àwọn ará Jámánì kì í ṣe igbó kìjikìji inú ìtàn ọdẹ tiwa. Ọ̀pọ̀ igi ibẹ̀ ni a gbìn. Láti ọdún 1713 ni Hans Carl von Carlowitz ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a má ṣe gé igi títí yóò fi tán. Lédè àwa oníṣirò: jẹ èrè, má jẹ ojú owó. Ní 1915, ìjọba àpapọ̀ àwọn ìlú agbègbè Berlin ra igbó tó tó hẹ́kítà 10,000 ní mílíọ̀nù máàkì 50, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé wọn kò ní fi kọ́lé.

Ṣùgbọ́n ẹran kò sí nínú ìwé ìṣirò igi. Ẹ lọ sí Duvenstedter Brook ní Hamburg, tí ìjọba ti ń dáàbò bò láti 1958. Ní oṣù kẹsàn-án, akọ àgbọ̀nrín ńláńlá a máa ké ramúramù níbẹ̀ ní àṣálẹ́. Irú àgbọ̀nrín yìí fẹ́ràn láti sá pamọ́ lọ́sàn-án síbi tí igi kéékèèké ti dí. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, yóò jáde wá jẹ koríko ní gbangba. Ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní elk ní Amẹ́ríkà náà ń wá ibi tí yóò jẹun àti ibi tí yóò sá sí. Bí ènìyàn àti ajá bá ń yà kúrò lójú ọ̀nà, kò ní lè jáde. Ebi yóò sì mú un bó èèpo igi jẹ. Agbófínró igbó yóò ní ẹran ló jẹ gbèsè. Àwa ni a dá a sílẹ̀ nígbà mìíràn.

Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní Grunewald kò bẹ̀rù wa mọ́. Ní 2020, ọ̀kan gbé àpò tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ sá lọ létí adágún Teufelssee, olóhun sì ń lé e níhòòhò! A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹran tí ènìyàn bá ti fún lóúnjẹ ni í máa ń wá bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé. Ìjọba ya igbó Òmò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ́tọ̀ ní 1925. Wọ́n gé apá kan, wọ́n gbin igi gmelina tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bébà. Erin ṣì wà nínú igbó náà lónìí. Kì í ṣe àgbọ̀nrín èṣí ni mò ń jẹ lọ́bẹ̀. Àwọn agégi àti olóko kòkó ni wọ́n ń fún un mọ́ ọn lọ́rùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n bá yín ra ilẹ̀ oko ní agbègbè Ìjẹ̀bú, ẹ bèèrè dáadáa bóyá ilẹ̀ náà wà nínú igbó ọba. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ má san án, bí ó ti wù kó pọ́nkú tó. Ojú owó ni, kì í ṣe èrè. Àwọn ọmọ wa tó mọ Hirsch, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ àgbọ̀nrín, kí erin náà má di ohun tí a ń fi ẹnu lásán sọ fún wọn.