Ooru Hujun, Sẹ́ẹ̀lì Ìpàkọ́

Ní ọ̀sán gangan oṣù kẹfà, òjìji kì í pọ̀ ní Hujun, ní ìlú Mẹ́kà. Òkè olókùúta ló gbára lé àdúgbò náà, àpáta rẹ̀ dúdú, kò sí koríko lórí rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òkè ni itẹ́ òkú Mualla wà, níbi tí wọ́n sin Khadijah, aya Ànábì, sí: ilẹ̀ gbalasa, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, láìsí igi kan tí ènìyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lemọ́lemọ́. Ooru ibẹ̀ kì í ti ojú oòrùn nìkan wá. Àpáta ń tú u sílẹ̀, ògiri òtẹ́ẹ̀lì ń tú u sílẹ̀, ọ̀dà títì ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ gba inú sálúbàtà. Atẹ́gùn tó fẹ́ náà gbóná. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2024, ooru tí wọ́n wọ̀n ní Mọ́sálásí Ńlá Mẹ́kà, tí kò jìnnà sí Hujun, dé ìwọ̀n 51.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òkú 1,301 ni ìjọba Saudi kéde fún Hajj ọdún náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí ibi tí wọ́n lè forí pamọ́ sí.

Bí ooru bá fẹ́ mú àgbàlagbà nínú èrò, kì í ṣe ìṣubú ni yóò kọ́kọ́ hàn. Òógùn á ti bò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn òógùn náà á dá, awọ ara á gbẹ, á gbóná janjan. Alhaja á béèrè ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. Á fi orúkọ ẹni tó wà nílé pe ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kọ́ ara wọn. Àwọn ará ìrìn á ní, "Ó ti rẹ ìyá ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó díẹ̀." Ṣùgbọ́n bí ooru inú ara bá ti kọjá 40, tí orí sì ti ń dàrú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àárẹ̀: ọpọlọ ló ń fara gbọgbẹ́.

Ọgbẹ́ náà kì í kan gbogbo ọpọlọ bákan náà. Ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́ ló máa ń forí fá a jù. Òun ló ń mú ẹsẹ̀ rìn gúnrégé, òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ gbé ife dé ẹnu láìdanù, òun náà ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara. Bí a bá gé e féléfélé, tí a pa á láró, tí a sì gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, apá kan rẹ̀ kún fún sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ tó há mọ́ra. Apá kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ní ààlà àwọn méjèèjì, sẹ́ẹ̀lì ńláńlá tò ní ìlà kan ṣoṣo. Purkinje ni wọ́n ń pè wọ́n, látara orúkọ Jan Evangelista Purkyně, ọmọ ilẹ̀ Bohemia tó ṣàpèjúwe wọn ní 1837. Ìdí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yọ ikùn róbótó. Láti orí rẹ̀ ni ẹ̀ka ti ń yọ, tí ẹ̀ka tún ń yọ ẹ̀ka, bí igi àràbà tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ ògiri. Ẹyọ kan lè máa gbọ́ ìròyìn láti ojú ìpàdé tó lé ní 100,000. Òun nìkan ló sì ń gbé èsì jáde kúrò ní èèpo ọpọlọ kékeré.

Bí ooru bá dé inú sẹ́ẹ̀lì yìí, purotéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò ní bí a ṣe ká wọn. Sẹ́ẹ̀lì kì í káwọ́ gbera. Ó máa ń yára pèsè purotéènì mìíràn tó ń di èyí tó tú mú, tó ń tún un ká. Inú kòkòrò eṣinṣin èso ni Ferruccio Ritossa ti kọ́kọ́ rí àmì irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1962. Bí ara bá tutù ní àsìkò, sẹ́ẹ̀lì lè bọ́. Bí kò bá tutù, ara rẹ̀ á sún kì, á pọ́n lábẹ́ aró. Kóró àárín rẹ̀ á kéré, á dúdú. Níkẹyìn, àyè rẹ̀ á ṣófo. Àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹyìn tí wọ́n ń pè ní Bergmann á pọ̀ sí i, wọ́n á dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe iṣẹ́ ẹni tó lọ. Sẹ́ẹ̀lì Purkinje tó bá kú kì í ní arọ́pò. Ìyẹn ni àwọn kan fi ń yè é tí wọ́n á máa ya ẹsẹ̀ rìn, tí ife á máa gbọ̀n lọ́wọ́ wọn, tí ọ̀rọ̀ á máa já lẹ́nu wọn.

Eré àsáré ni ìtọ́jú ẹni tí ooru mú. Ní 1980, J. S. Weiner àti Mustafa Khogali kọ̀wé nípa ibùsùn kan tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, tí orúkọ Mẹ́kà sì mọ́ ọn lára. Àwọ̀n ni wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí. Omi tó tutù níwọ̀n 15 ń fọ́n sí i lára ní kíkúnná, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń fẹ́ lù ú. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ á ní kí wọ́n lo yìnyín. Èrò Weiner àti Khogali ni pé bí awọ bá tutù jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á fún pọ̀, ara á máa gbọ̀n, ooru á wá há sínú. Omi tó ń gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá mú òbí rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni kó máa ṣọ́ ju òógùn lọ. Kó bi wọ́n léèrè orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, kó bi wọ́n léèrè ọjọ́ òní. Bí ìdáhùn bá ṣì, kó wá ibòji, kó tú aṣọ wọn, kó da omi sí wọn lára, kó máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀, kí ẹlòmíràn sì pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Kó má rọ omi sí ẹnu ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Àárẹ̀ kì í mú ìyá gbàgbé orúkọ ọmọ tó dì í lọ́wọ́ mú.